Láti Alápẹ̀rẹ̀ sí Orí Òkè: Ìdànrè àti Sri Pada

Òkè méjì wà tí wọ́n ní ojú ẹsẹ̀ ènìyàn wà lára òkúta wọn. Ọ̀kan wà ní Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èkejì wà ní Sri Lanka, erékùṣù tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Ti Ìdànrè ni wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Àgbóògùn. Àwọn onílẹ̀ a máa sọ pé kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ì báà ṣe ti ọmọdé, ì báà ṣe ti àgbàlagbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ti Sri Lanka ni Sri Pada, orúkọ náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo òkè ọ̀hún. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Búdà ló tẹ ibẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Shiva ni. Àwọn Mùsùlùmí ní Ànábì Ádámọ̀ ni, lẹ́yìn tó kúrò ní àlùjáńnà. Nínú àwọn Kristẹni, àwọn kan gbà pé ti Ádámù ni, àwọn mìíràn ní ti Tọ́másì àpọ́sítélì ni. Ẹnu wọn kò kò lórí ẹni tó ni ẹsẹ̀, síbẹ̀ òkè kan náà ni gbogbo wọn ń gùn lọ wò ó, ní òru kan náà.

Mo ti gun òkè méjèèjì. Ẹni tí mo fẹ́ gbé wọn sórí ìwọ̀n fún ni ẹni tó ń gbé Alápẹ̀rẹ̀ ní Èkó bíi tèmi, tó ti rọra fi owó díẹ̀ pamọ́, tó ń ro ibi tí òun yóò fi rìn dé. Ọ̀pọ̀ wa, Dubai ni ọkàn wa kọ́kọ́ ń fà sí, ká lè ra ọjà bọ̀. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò mìíràn wà tí ènìyàn ń lọ kí ó lè rí bí ọmọ aráyé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń bá Ẹlẹ́dàá wọn, ilẹ̀ wọn àti àwọn tó ti lọ ṣáájú wọn gbé. Òun ni mò ń sọ.

Ọ̀nà Ìdànrè kò ṣòro. Ẹni tó bá tètè jí, tí gosiló Kétu kò sì mú un mọ́lẹ̀, yóò wọ mọ́tò Àkúrẹ́ ní Òjòta. Láti Àkúrẹ́, ìrìn díẹ̀ ló kù. Ti Sri Lanka gba owó àti sùúrù. Kò sí bàálù tó ń ti Èkó balẹ̀ tààrà sí Colombo. Doha tàbí Dubai ni ọ̀pọ̀ ti ń pààrọ̀. Láti Colombo, ènìyàn yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hatton, láàárín oko tíì tó lọ salalu lórí òkè kan dé òmíràn, kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Nallathanniya, abúlé tó wà ní ẹsẹ̀ òkè.

Kí á tó gun òkè, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwa kọ́ la ó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Láàárín 1943 sí 1945, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà nínú ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Dìfísọ̀n 81 àti 82, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ bá àwọn ará Japan jà ní Burma. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ìbọn bà á lọ́dún 1944, ìdílé Mùsùlùmí kan ní abúlé níbẹ̀ ló sì fi òun àti ọmọ Sierra Leone kan pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọ́n ń bọ́ wọn, títí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi padà wá. Myohaung, ìlú tí àwọn ọmọ ogun wa gbà lọ́wọ́ àwọn ará Japan ní oṣù Kìíní 1945, jẹ́ ìlú ọba àtijọ́ tó kún fún ilé ìsìn Búdà. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, Shitthaung, ti wà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Bárékè Myhoung tó wà ní Yábàá, orúkọ ìlú yẹn ló ń jẹ́. Dodan ní Ìkòyí, Arakan ní Àpápá, Letmauk ní Ìbàdàn, ilẹ̀ Burma ni gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn ti wá. Ojoojúmọ́ là ń fi danfo kọjá níwájú wọn. Àwọn baba wa yẹn fi ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí àwa lè fi tíkẹ́ẹ̀tì dé lónìí, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gbéra.

Ó yá, ká gun òkè.

Ọ̀sán ni à ń gun Ìdànrè. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. 660 ni ọ̀pọ̀ afinimọ̀nà máa ń pè é. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹni tí itan rẹ̀ bá ti ń gbọ̀n yóò dúpẹ́ pé wọ́n wà. Àpáta gàgàrà ló yí ènìyàn ká lọ́tùn-ún lósì, dúdú, ìhòòhò, tí oòrùn ń ta lára wọn. Bí a bá gòkè tán, ìlú ni a ó bá níbẹ̀: ilé alámọ̀ tó ti ń wó, ààfin Ọwá, kóòtù àtijọ́, ilé ìwé, sàréè àwọn àgbà. Wọ́n ní nǹkan bí 800 ọdún ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé orí òkè yìí. Nígbà tí ayé mọ́tò, òwò àti kòkó dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀, nígbà tó sì fi máa di 1933, ìsàlẹ̀ ni ìlú wà. Ibi tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ yẹn ni àwa ń gùn lọ lónìí.

Ọjọ́ tí mo gùn ún, àwọn ọmọ ilé ìwé tó wá ṣe ìrìn àjò ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀, tọkọtaya mélòó kan sì ń ya fọ́tò. Afinimọ̀nà wa mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń pe àwa tó dàgbà ní “bọ̀dá” àti “àǹtí,” ó ń fa àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò ranlẹ̀ lọ́wọ́. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tó ní ẹ̀bẹ̀ kankan tó gbé wá síbẹ̀. A wá wò ó ni.

Ti Sri Pada yàtọ̀. Òru ni wọ́n ń gùn ún, láti òṣùpá àrànmọ́jú oṣù Kejìlá títí di ti oṣù Karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò àti afẹ́fẹ́ ló ni òkè. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,243, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì tó 5,500. Iná tàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ènìyàn bá gbójú sókè ní aago méjì òru, yóò rí ìlà iná tó ń lọ́ gun inú òkùnkùn lọ, kò ní mọ ibi tí òkè parí sí àti ibi tí ìràwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá arúgbó ń gùn ún láìwọ bàtà. Bàbá gbé ọmọ kọ́rùn. Àwọn ọ̀dọ́ fa ìyá wọn lọ́wọ́, wọ́n jókòó nígbà tó jókòó, wọ́n dìde nígbà tó dìde. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń súre fún àwọn tó ń gòkè. Ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Indikatupana, wọ́n ní Búdà dúró níbẹ̀ láti rán aṣọ rẹ̀ tó ya; ìdí nìyẹn tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú sílẹ̀ níbẹ̀, òwú funfun sì ta kókó ta kókó lẹ́bàá ọ̀nà. Lókè téńté, agogo kan wà. Iye ìgbà tí ènìyàn bá ti gun òkè náà láyé rẹ̀ ni yóò lù ú. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá kan tó tẹ̀ lé mi bẹ̀rẹ̀ sí lù ú, kò sì tètè dáwọ́ dúró, gbogbo wa dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ó fi tán. Nígbà tí oòrùn yọ, òjìji òkè náà nà jáde sórí ìkùukùu lápá ìwọ̀ oòrùn, onígun mẹ́ta gérégé.

Ibi tí mo ti rí ìyàtọ̀ nìyí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe pé òkè tiwọn ga ju tiwa lọ. Àwọn tó ni Sri Pada ṣì ní ohun tí wọ́n ń wá lọ síbẹ̀. Àlejò tó bá bá wọn gùn ún ń jẹ nínú oúnjẹ tí wọ́n sè fún ara wọn. Ní Ìdànrè, àlejò àti ọmọ onílẹ̀ ló jọ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣì ń ṣe ọdún Òrosùn, tí ètùtù kan kò sì ṣeé ṣe níbòmíràn àfi lókè. Ṣùgbọ́n ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀, arìnrìn-àjò tó ti Èkó wá kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwa Yorùbá kò ṣíwọ́ òkè gígùn. Láti ìgbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà lọ́dún 1930, òkè àdúrà ti di ilé kejì fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ béèrè ní ìjọ èyíkéyìí ní Kétu tàbí Ìkòsí, ẹ ó rí ẹni tó ti ṣọ́ òru rí lórí òkè àdúrà Èrio, tó gbààwẹ̀ gùn ún, tó bọ́ bàtà, tó bu omi bọ̀ wá fún aláìsàn ilé. Ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá dé Sri Pada, kò ní ṣàjèjì. Yóò mọ ìdí tí ìyá arúgbó fi ń gun òkè láàárín òru. Mo gbà pé òkè àdúrà ló sún mọ́ Sri Pada jù nílẹ̀ wa, ó sún mọ́ ọn ju Ìdànrè lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìdànrè ló ní ojú ẹsẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ṣé ìbọ̀rìṣà kọ́ nìyẹn? Kí ni Kristẹni tàbí Mùsùlùmí ń wá lórí òkè Búdà?” Mo bọ̀wọ̀ fún ìbéèrè náà, àwọn tó ń béèrè rẹ̀ nífẹ̀ẹ́ ìgbàgbọ́ wọn. Ìdáhùn mi ni pé Ibn Battuta, ọmọ Mòrókò, ọ̀mọ̀wé àti adájọ́ nínú Ìsìláàmù, gun òkè yìí lọ́dún 1344, ó lọ wo ẹsẹ̀ Ànábì Ádámọ̀, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kò tẹríba fún ère kan. Ó gun òkè ní tirẹ̀, àwọn tó bá lójú ọ̀nà gùn ún ní tiwọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àlejò kò pọ̀: bọ́ bàtà, bo èjìká àti orúnkún, má kẹ̀yìn sí ère Búdà láti ya fọ́tò. Wọn kì í fi èyí ṣeré. Lọ́dún 2014, wọ́n dá obìnrin ará Britain kan padà sílé nítorí pé ó fín ère Búdà sí apá. Mo rò pé ìyẹn le jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbọ́ kò ní sọ pé òun kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí mo mẹ́nu kàn. Ní ọ̀rúndún kọkànlá, Ọba Vijayabahu ya owó ilẹ̀ àwọn abúlé kan sọ́tọ̀ kí àwọn tó ń lọ sí Sri Pada lè rí oúnjẹ jẹ lójú ọ̀nà. Òkúta tí wọ́n fín àṣẹ náà sí ṣì wà ní Ambagamuwa. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kò ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó gun òkè náà. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọrẹ á ta á. Ní àsìkò àjọ̀dún wọn, ìdílé tàbí àdúgbò a máa dáná lẹ́bàá ọ̀nà, wọn a máa bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, bí a ṣe ń ṣe sàráà gẹ́lẹ́. N kò sọ pé kí Ìdànrè má gbowó. Ẹni tó ń tún àtẹ̀gùn ṣe gbọ́dọ̀ jẹun. Àmọ́ owó ẹnu ọ̀nà nìkan kò lè ṣe ohun tí ọba yẹn ṣe.

Ìdànrè náà ní ibi tó ti borí. Ìdákẹ́jẹ́ wà níbẹ̀. Sri Pada ń jìyà èrò tirẹ̀: ike omi àti ọ̀rá kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ní òpin àsìkò àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni a máa kó wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú àpò, bẹ́ẹ̀ igbó tó yí òkè náà ká wà lára ibi tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2010. Ní òru tí èrò bá pọ̀, ènìyàn lè dúró lójú kan fún wákàtí kan, kó má gbé ẹsẹ̀ méjì. Ní Ìdànrè, ènìyàn lè jókòó sórí àpáta kó gbọ́ ẹyẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà ní àwọn òkè Ìdànrè tí àwọn onímọ̀ kò tíì rí níbòmíràn láyé. Orúkọ onímọ̀ Perret ni wọ́n fi sọ ọ́, ó pẹ́ tí wọn kò fi gbúròó rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó tún rí i ní 2013. Bí a bá ń ka ọrọ̀ Ìdànrè, kí a ka ọ̀pọ̀lọ́ yẹn mọ́ ọn.

Bí ó bá jẹ́ ti ìlú orí òkè ni, Sigiriya ní Sri Lanka ló yẹ kí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdànrè. Kashyapa, ọmọ ọba tó pa baba rẹ̀ gba adé, ló kọ́ ààfin sórí àpáta yẹn ní òpin ọ̀rúndún karùn-ún, nítorí ó ń bẹ̀rù àbúrò rẹ̀ tí adé tọ́ sí. Nígbà tí ó kú lójú ogun lọ́dún 495, àwọn mọ́ńkì gba ibẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìsìn wọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tó 1,200. Àwòrán àwọn obìnrin tí wọ́n kùn sára àpáta ṣì ń dán. Wọ́n tọ́jú ibẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ń gba ohun tó lé ní 30 dọ́là lọ́wọ́ àlejò. Mo gbádùn rẹ̀. Síbẹ̀ bí ẹ bá bi mí, Ìdànrè ni mo yàn. Ọba kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ló ni Sigiriya. Odindi ìlú ló ni Ìdànrè, àwọn tó bímọ síbẹ̀, tó dájọ́ síbẹ̀, tó kọ́ ọmọ wọn ní ìwé síbẹ̀. Ọdún 1982 ni UNESCO gba Sigiriya wọlé. Ìdànrè ti wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró láti 2007. Ó dùn mí.

Ibi tí ọwọ́ wa ti tó tiwọn ni Òṣogbo. Ní Kandy, ìlú ọba tó gbẹ̀yìn ní Sri Lanka, wọ́n ń tọ́jú eyín kan tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ti Búdà. Ìtàn wọn sọ pé ọmọbìnrin ọba kan ló fi í pamọ́ sínú irun orí rẹ̀ gbé e wọ erékùṣù náà ní ọ̀rúndún kẹrin. Olórí ilé àwọn mọ́ńkì méjì, Malwatta àti Asgiriya, àti ẹnì kan tí kì í ṣe mọ́ńkì tí wọ́n ń dìbò yàn, ni wọ́n jọ ń ṣọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n ń lùlù fún un. Etí Yorùbá yóò gbádùn ìlù yẹn: èyí tí wọ́n so mọ́ ìbàdí, èyí tí ó jẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù, àti fèrè tó ń ké lórí gbogbo wọn. Ní oṣù Keje tàbí Kẹjọ, erin kan tí wọ́n wọ̀ láṣọ á gbé àpótí wúrà sẹ́yìn, wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ erin mìíràn, oníjó àti onílù á sì yí i ká láàárín iná ògùṣọ̀.

Ní Òṣogbo, oṣù Kẹjọ yẹn kan náà ni Arugbá ń gbé igbá lọ sódò Ọ̀ṣun. Ọmọ ilé ọba ni, wúńdíá ni, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọ. Ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ti ṣe Ìwọ́pópó, wọ́n ti tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, wọ́n ti bọrí adé. Atáọ́ja, Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò ni wọ́n ń ṣe ètò náà, àwọn Mùsùlùmí àti Kristẹni ìlú náà sì ń tò sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ń bu omi. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ibi náà ṣì wà láàyè. Bí mo bá sì fi Arugbá wé erin, Arugbá ni mo fara mọ́. Ọmọdébìnrin kan tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tí gbogbo ìlú ń gbàdúrà kó má ṣubú, wọ̀ mí lọ́kàn ju erin tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ. Lọ́dún 2019, àwòrán erin arúgbó kan tó gbẹ hangogo lábẹ́ aṣọ àjọ̀dún Kandy tàn ká gbogbo ayé, kò sì kúrò lójú mi.

Igbó Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, hẹ́kítà 75, kò ṣẹ́ kù nípa oríire lásán. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí Òṣogbo sọ ní Àdùnní, pẹ̀lú àwọn ọlọ́nà ìlú náà bí Adébísí Àkànjí àti Buraimoh Gbàdàmọ́sí, ló fi ère àti ògiri dí àwọn agégi àti àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́nà. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1965, UNESCO gbà á ní 2005, Àdùnní kú ní 2009. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ báyìí ni omi. Àwọn tó ń wa wúrà ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà ti sọ odò náà di pípọ́n bí erùpẹ̀. Àwọn obìnrin ṣì ń bu ú mu. Bí wọ́n bá da ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sórí Sri Pada, ó dá mi lójú pé gbogbo erékùṣù náà ni yóò dìde.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Alápẹ̀rẹ̀ tí ẹ ní owó ìrìn àjò lọ́wọ́, ètò tí èmi yóò ṣe nìyí. Kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí Òṣogbo ní oṣù Kẹjọ, kí ẹ sì ti wà níbẹ̀ kí ọjọ́ Arugbá tó dé, kí ẹ lè rí àtùpà. Kí ẹ lọ sí Ìdànrè ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti dá, tí ọyẹ́ kò tíì bo ojú ọ̀run, kí ẹ sun ìsàlẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì wá àgbàlagbà ìlú kan tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ sórí òkè, kí ó sọ fún yín inú ilé wo ni. Lẹ́yìn ìyẹn, bí owó bá kù, ẹ lọ sí Sri Pada láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, kí ẹ yẹra fún òpin ọ̀sẹ̀ àti òru òṣùpá àrànmọ́jú bí orúnkún yín kò bá fẹ́ ìdúró pípẹ́. Àwọn tó ń ṣàkóso Ìdànrè ńkọ́? Ìbéèrè méjì ni mo ní fún wọn: ṣé ẹ lè tan iná sórí àtẹ̀gùn, kí ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà ní aago mẹ́rin ìdájí, kí ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà bá oòrùn lókè? Ṣé ẹ sì lè jẹ́ kí àwọn ọmọ Ìdànrè fúnra wọn máa gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́?